Ọdẹ Tó Jẹ Ẹran Ní Gbèsè

Kò sí ẹni tó mọ oríkì ẹranko nílẹ̀ Yorùbá tó ọdẹ tó ń pa á. Bí ọdún Ògún bá dé, tí ẹmu ti wà nílẹ̀, tí ọdẹ kan dìde láti sun ìjálá, yóò kọ́kọ́ júbà Ògún, yóò kí àwọn àgbà tó jókòó, yóò ki ìdílé onílé dé ìdí. Lẹ́yìn náà ni yóò wá yà sínú igbó. Yóò ki erin, yóò ki ẹfọ̀n, yóò ki ẹkùn àti ẹdun, títí dé orí ẹtu kékeré tó ń rọra tẹ ewé gbígbẹ, yóò sì máa fi ọ̀wọ̀ kì wọ́n bí ẹni ń kí àna. Ẹran tí ìbọn rẹ̀ gbé ṣubú lánàá ni ẹnu rẹ̀ ń gbé ga lónìí.

Àlejò lè pe èyí ní àgàbàgebè. Lójú ọdẹ, gbèsè ló ń san.

Ìgànmú, ní ìlú Èkó, kò jọ ibi tó yẹ kí á ti máa sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ni ọkọ̀ ojú irin ìlú Èkó ti ń sáré kọjá lókè Orílé Ìgànmú. Nísàlẹ̀ rẹ̀, àwọn tó ń ta táìlì, páìpù àti ilẹ̀kùn irin kún ẹ̀gbẹ́ títì, iná àwọn wẹ́dà sì ń ta pàràpàrà. Ilé iṣẹ́ Nigerian Breweries, tó gbé ìgò bíà Star àkọ́kọ́ jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 1949, ṣì fìdí kalẹ̀ sí àdúgbò náà. Èèyàn lè rìn ín já láti àárọ̀ títí di ọ̀sán kó má rí ẹranko kan ju ewúrẹ́, adìyẹ, ajá àti lékeléke tó bà sétí omi.

Síbẹ̀, ilẹ̀ Àwórì ni, ìtàn ọdẹ sì ni ìtàn Àwórì. Àwọn àgbà sọ pé Ilé-Ifẹ̀ ni Ògúnfúnminíre, tí wọ́n tún ń pè ní Ọlọ́fin, ti gbéra, tó ń tẹ̀lé àwo tó léfòó lórí omi títí àwo náà fi rì ní Ìṣẹ́rí. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pa ìtàn náà ló ń fi kún un pé ọdẹ ni baba ọ̀hún. Láti Ìṣẹ́rí ni àwọn ènìyàn rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ wá sí Ẹ̀bùté Mẹ́tà àti Ìddó, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì pín ilẹ̀ etí ọ̀sà láàárín ara wọn. Ìdílé Ọjọ́rà wà lára wọn. Títí di òní, Ọjọ́rà ti Ìjọrà àti Ìgànmú ni wọ́n ń pe ọba tó wà lórí oyè. Irà àti àbàtà ló pọ̀ nínú ilẹ̀ tí wọ́n bá níbẹ̀. Ẹja àti ẹran ló ń bọ́ àwọn tó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ dó, kí ilé tó bẹ̀rẹ̀ sí í bo ilẹ̀ mọ́lẹ̀.

Irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ kì í wọ igbó tàbí omi bí ẹni wọ ilé baba rẹ̀. Ọdẹ á júbà Ògún tó ni irin, á júbà Ọ̀sanyìn tó ni ewé, á júbà àwọn tó ni igbó tí ojú kò rí. Ohun tí ìjúbà náà ń sọ ni pé ibi yìí ní onílé, àti pé ohun tí mo bá gbé kúrò níbẹ̀, ẹnìkan ló fún mi. Àṣà Yorùbá kò sì ka ọpẹ́ ẹ̀ẹ̀kan sí ọpẹ́. Ẹni tí a ṣe lóore lálẹ́ gbọ́dọ̀ padà wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì wá sọ pé "ẹ ṣé àná", bí kò bá fẹ́ kí wọ́n pè é ní aláìmoore. Àwọn ọdẹ kàn mú ìwà yìí wọ inú igbó ni. Ẹran ti kú, kò sí bí ènìyàn ṣe lè padà lọ sílé rẹ̀ lọ dúpẹ́ àná. Oríkì ló kù.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí oríkì náà ti pọ̀ tó kò ní jìnnà sí Ìgànmú. Ní Akọka, ní Yunifásítì Èkó, ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni. Ọmọ Ìpetumodù ni, wọ́n bí i ní 1926. Ó tẹ̀lé àwọn onìjálá kiri, ó kọ ohun tí wọ́n ń sọ sílẹ̀, ó sì gbé ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1966, The Content and Form of Yoruba Ijala. Ẹni tó bá ṣí ìwé náà yóò rí i pé kíkì ẹranko, ẹyẹ àti igi kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ tí onìjálá kàn ń fi dá àwọn ènìyàn lára yá. Apá kan gbòógì nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni. Àwọn onìjálá ńlá bí Ògúndáre Fọ́yánmu ará Ògbómọ̀ṣọ́ gbé e wọ inú àwo, ẹni tí kò mọ bí wọ́n ti ń di ìbọn mú sì ń gbọ́ oríkì ẹfọ̀n nínú ilé rẹ̀ ní Múṣin tàbí Sùúrùlérè.

Iṣẹ́ ojú ni oríkì ẹranko kó tó di iṣẹ́ ẹnu. Ẹni tí kò bá tíì lúgọ sábẹ́ igi fún wákàtí púpọ̀ kò lè mọ bí ẹtu ṣe ń dá etí dúró kó tó mu omi, kò lè mọ bí ìyá ọ̀bọ ṣe ń gbá ọmọ mọ́ àyà nígbà tó bá ń fò láti igi dé igi. Ọdẹ mọ̀ ọ́n nítorí pé ó fẹ́ pa á ni. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn nìyẹn, tó sì tún korò díẹ̀: ojú tí ọdẹ fi ń ṣọ́ ẹran náà ni ó fi mọ̀ pé ẹran ní ìyá, ó ní ọmọ, ó ní ilé, ẹ̀rù sì ń bà á. Ẹni tó bá ti mọ èyí tán kò tún lè yìnbọn bí ẹni ń ya igi.

Ẹ jẹ́ kí á gba Ìṣokùn kọjá, ìlú tí oríkì ìbejì máa ń dárúkọ. Ìtàn wọn ni pé àgbẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí àwọn ẹdun ń yọ lẹ́nu. Bó bá gbin àgbàdo, wọ́n á jẹ ẹ́; bó bá lé wọn, wọ́n á padà wá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n. Ìyàwó rẹ̀ lóyún, babaláwo sì kìlọ̀ fún un pé kó fi ẹdun sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ́. Ní àwọn ẹdun bá gba inú oyún wá sí ilé rẹ̀: ìbejì tí ìyàwó bí kú, ó tún bí òmíràn, wọ́n tún kú. Ìgbà tí ojú àgbẹ̀ wá já a, ó padà lọ sọ́dọ̀ babaláwo. Ifá kò bèèrè ju ohun kan lọ: kó jẹ́ kí ẹdun máa jẹ nínú oko rẹ̀. Ó gbà, ìyàwó rẹ̀ tún bí ìbejì, àwọn wọ̀nyí sì yè.

Láti ìgbà náà ni ìdílé oníbejì kì í ti í pa ẹdun, wọn kì í sì í jẹ ẹ́, ìbejì fúnra wọn sì di ẹni tí wọ́n ń fi orúkọ ẹdun kì. Àwọn onímọ̀ ti kọ ọ́ pé àwọn ibì kan wà nílẹ̀ Yorùbá tí wọn kì í dá ìbejì sí láyé àtijọ́, kí wọ́n tó wá di ọmọ ọlá tí à ń gbẹ́ ère fún. Bí ìyẹn bá rí bẹ́ẹ̀, ìtàn Ìṣokùn tóbi ju ìtàn ẹranko lọ. Àánú ẹranko tó ń jẹ oko ni wọ́n fi la ọ̀nà fún àánú ọmọ ènìyàn tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wọ́n. Ẹ tún wo bí àánú náà ṣe ná àgbẹ̀ lówó tó! Àgbàdo rẹ̀ ló fi san án.

Ìtàn Ọya kò jìnnà sí èyí. Ọdẹ rí ẹfọ̀n tó bọ́ awọ rẹ̀ sílẹ̀ tó di arẹwà obìnrin. Ó jí awọ náà gbé, ó sì fi obìnrin náà ṣe aya, títí ọ̀rọ̀ fi tú lójọ́ kan. Nítorí ìtàn yìí ni ìwo ẹfọ̀n ṣe máa ń wà lójúbọ Ọya, tí àwọn olùsìn rẹ̀ sì máa ń lù wọ́n mọ́ra wọn láti pè é. Ọdẹ tó bá gba ìtàn náà gbọ́ ní ìdí láti ronú lẹ́ẹ̀mejì: ta ló mọ ẹni tó wà nínú awọ yẹn?

Igún ní tirẹ̀ kò lẹ́wà, kò sì sí ẹni tó fi ṣe aya. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ tó yí i ká le: a kì í pa á, a kì í jẹ ẹ́. Bí a bá gbé ẹbọ síta, tí igún sọ̀ kalẹ̀ jẹ ẹ́, ọkàn ẹlẹ́bọ balẹ̀, ó mọ̀ pé ẹbọ ti fín. Òun náà ló ń gbá òkú ẹran àti ìdọ̀tí ọjà mọ́ kí ìjọba tó dá ẹgbẹ́ kólẹ̀kódọ̀tí sílẹ̀. Ní Ouidah, ní orílẹ̀-èdè Benin, erè ló ní irú ọ̀wọ̀ yìí. Ilé òrìṣà rẹ̀ dojú kọ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àwọn Kátólíìkì, bí erè bá sì ṣìnà wọ ilé onílé, wọ́n á rọra gbé e padà sílé rẹ̀.

Òṣogbo ni àdéhùn láàárín ọdẹ àti ẹ̀dá alààyè ti hàn gbangba jù lọ. Lároóyè àti Ọlútìmẹ́hìn ló darí àwọn ènìyàn kúrò ní Ìpólé nítorí ọ̀dá omi. Ọlútìmẹ́hìn yìí, ọdẹ erin ni. Nígbà tí wọ́n dé etí odò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé igi láti tẹ ibẹ̀ dó. Igi kan wó lu omi, wọ́n sì gbọ́ ohùn láti inú odò pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Wọ́n tọrọ àforíjì. Ọ̀ṣun ní kí wọ́n kúrò létí omi, kí wọ́n lọ tẹ ìlú dó sókè, kí wọ́n sì fi igbó òun sílẹ̀ fún òun. Òun náà yóò máa dáàbò bò wọ́n. Ẹja tó jẹ́ ìránṣẹ́ odò wá bá ọba, ọba sì tẹ́wọ́ gbà á. Láti ibẹ̀ ni orúkọ oyè Àtáọ́ja ti wá.

Àdéhùn yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́. Nínú igbó Ọ̀ṣun, wọn kì í dẹ ẹran, wọn kì í pa ẹja, wọn kì í gé igi. Ó kù díẹ̀ kó bàjẹ́ ní nǹkan bí 1950 sí 1960, nígbà tí àwọn ènìyàn ti ń já ilẹ̀ rẹ̀ gbà díẹ̀díẹ̀. Susanne Wenger, obìnrin ará Austria tó dé Nàìjíríà ní 1950, pẹ̀lú àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà àti bíríkìlà tó ń bá a ṣiṣẹ́, ló fi ère ńláńlá yí ibẹ̀ ká, tí ẹni tó fẹ́ wó igbó náà fi wá ní òrìṣà láti bá fojú kojú. Ní 2005, UNESCO kọ hẹ́kítà 75 náà sínú ìwé ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Wenger kú ní oṣù Kìíní ọdún 2009. Àwọn ọ̀bọ ibẹ̀ kì í sá fún ènìyàn; ọwọ́ àlejò ni wọ́n tilẹ̀ máa ń wò bóyá ó mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ dání.

Ibi tí a dé yìí, ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ dáadáa á ti ní ìbéèrè kan lẹ́nu. Ajá Ògún ńkọ́? Àgbò Iléyá ńkọ́? Irú ìyọ́nú wo ló wà lẹ́nu ọ̀bẹ?

Ìbéèrè náà ti dé ilé ẹjọ́ rí. Ní 1987, àwọn onísìn Lukumí, ìyẹn àwọn tó jogún òrìṣà Yorùbá láti ọ̀nà Kúbà, fẹ́ ṣí ilé ìjọsìn ní Hialeah, ní Florida. Ìgbìmọ̀ ìlú náà sáré ṣe òfin tó dí wọn lọ́nà láti fi ẹran rúbọ. Wọ́n ní ìwà ìkà sí ẹranko ni. Ní ọjọ́ 11, oṣù Kẹfà, ọdún 1993, gbogbo adájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà fohùn ṣọ̀kan pé òfin náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, nítorí pé àwọn tó ṣe é kò sọ nǹkan kan nípa àwọn mìíràn tó ń pa ẹran ní ìlú kan náà, ẹ̀sìn kan ṣoṣo ni wọ́n dojú rẹ̀ kọ. Ẹni tó ń jẹ adìyẹ tí ẹ̀rọ pa, tí kò mọ orúkọ ẹni tó sìn ín, kò ní ẹnu láti pe ẹni tó gbàdúrà kó tó pa tirẹ̀ ní òkú òǹrorò.

Àwọn Mùsùlùmí Múṣin àti Sùúrùlérè náà ní ìlànà tiwọn, ó sì le ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Ẹ̀kọ́ Ànábì ni pé kí ọ̀bẹ mú, kí ẹran má jẹ̀rora ju bó ti yẹ lọ, kí orúkọ Ọlọ́run sì ṣáájú. Ẹni tó ń pọ́n ọ̀bẹ lójú àgbò ti ṣẹ̀. Kódà Ọba Ashoka ti Íńdíà, tó jọba ní ohun tó ju 2,200 ọdún sẹ́yìn lọ, tí gbogbo ayé ń fi ṣe àpẹẹrẹ àánú ẹranko, jẹ́wọ́ lórí òkúta tó fín òfin rẹ̀ sí pé ẹran tí wọ́n ń pa fún ìdáná òun ti dín kù láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún sí ọ̀kín méjì àti àgbọ̀nrín kan. Ìdáná ọba kò tíì bọ́ lọ́wọ́ ẹran pátápátá nígbà náà. Àwọn ọdẹ wa ìbá rẹ́rìn-ín sí i, wọn ìbá sì kí i kú ìfaradà.

Ó yẹ kí á padà sí Ìgànmú, nítorí ibẹ̀ ni igbó inú ìtàn wá sá sí nígbà tó ń kú ní ibòmíràn. Lórí ilẹ̀ irà ni ilé iṣẹ́ Technoexportstroy láti Bulgaria ti kọ́ Nàṣọ́nà Tíátà, tí wọ́n parí ní 1976, tó rí bíi fìlà ọ̀gágun láti òkèèrè, tí gbọ̀ngàn ńlá rẹ̀ sì gba 5,000 ènìyàn. Láti ọjọ́ 15, oṣù Kìíní, sí ọjọ́ 12, oṣù Kejì, ọdún 1977, àwọn ènìyàn láti orílẹ̀-èdè 56 wá síbẹ̀ fún FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn adúláwọ̀. Ọdún tí wọ́n parí ilé náà gan-an ni fíìmù Àjàní Ògún jáde. Ọ̀dọ́ ọdẹ ni akọni rẹ̀, òṣèlú tó gba ilẹ̀ baba rẹ̀ ló sì ń bá jà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ní àsìkò Iléyá, Àjíǹde àti Kérésìmesì, Ìgànmú ni àwọn ará Èkó ń wọ́ lọ wo fíìmù Yorùbá, níbi tí ọdẹ, iwin àti ẹranko tó ń sọ̀rọ̀ ti ń pàdé.

Láti ọdún 2024 ni ilé náà ti ń jẹ́ orúkọ Wọlé Ṣóyínká. Wọ́n sì ṣí i padà ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, lẹ́yìn àtúnṣe. Ọ̀pọ̀ ló mọ Ṣóyínká sí olùkọ̀wé tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1986. Àwọn tó sún mọ́ ọn mọ̀ ọ́n sí ọdẹ. Òun ló túmọ̀ ìwé ọdẹ Fágúnwà ti 1938 sí Gẹ̀ẹ́sì, tó jáde ní 1968, Ògún náà sì ni òrìṣà tó yàn láàyò nínú iṣẹ́ rẹ̀. Bóyá àwọn tó fún ilé náà lórúkọ kò ronú débẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ọdẹ ti wá dúró lórí ilẹ̀ àwọn ọmọ ọdẹ.

Ní Àpápá tó múlé ti Ìgànmú, wọ́n ń ṣòwò ẹran lọ́nà mìíràn. Ní oṣù Kìíní ọdún 2021, àwọn aṣọ́bodè tú kọ̀ǹténà kan ní èbúté, tó ń lọ sí Vietnam. Ìwé rẹ̀ sọ pé ohun èlò àga àti tábìlì ló wà nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n bá ni àpò 162 tó kún fún ìpẹ́ akíkà, pẹ̀lú eyín erin àti egungun kìnnìún. Akíkà kì í bu ènìyàn jẹ, kì í jẹ oko. Bí ẹ̀rù bá bà á, ńṣe ló máa ń ká jọ. Ọmọ kan ṣoṣo ló sì sábà máa ń bí lẹ́ẹ̀kan. Àwọn oníṣègùn wa ti ń lò ó tipẹ́, kò sì sí ìdí láti bò ó, ṣùgbọ́n àpò 162 kì í ṣe ti oníṣègùn kankan. Kò sí ẹni tó ki oríkì kankan fún ohun tó wà nínú kọ̀ǹténà yẹn.

Igún náà kò bọ́. Láti 2015 ni wọ́n ti kọ ọ́ mọ́ àwọn ẹyẹ tó kù díẹ̀ kó pa run láyé, wọ́n sì ń ta orí rẹ̀ ní àwọn ọjà kan ní ilẹ̀ Yorùbá fún ẹni tó ń wá awúre. Èèwọ̀ tó dáàbò bò ó láti ayébáyé kò lágbára tó owó. Òfin ìjọba kò sì ràn án lọ́wọ́ púpọ̀: abala 495 nínú òfin ìwà ọ̀daràn Nàìjíríà sọ pé ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn ₦50 ni fún ẹni tó bá hùwà ìkà sí ẹranko. Owó yẹn kò tó ra omi inú ìgò ní ibùdókọ̀ Orílé.

Ọ̀kan lára àwọn ibi tí àwọn ọdẹ ṣì ti ń bá erin pàdé ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni igbó Ọmọ, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Àwọn kan lára àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó tó ń ṣọ́ erin níbẹ̀ jẹ́ ọdẹ tẹ́lẹ̀ rí. Wọ́n mọ ọ̀nà tí erin ń gbà lọ mu omi, wọ́n sì mọ ibi tí àwọn tí wọ́n jọ ń dẹ ẹran lánàá máa ń fara pamọ́ sí. Àwọn àgbẹ̀ kòkó tó ń gé igbó sẹ́yìn lọ́dọọdún wà lára ohun tó ń fún wọn ní wàhálà jù. Ìjà àgbẹ̀ Ìṣokùn àti ẹdun náà ni, kò tíì parí: àgbẹ̀ ń wá oúnjẹ ọmọ rẹ̀, erin tó gba inú oko kọjá ń wá tirẹ̀, ẹ̀ṣọ́ tó dúró láàárín wọn sì ní láti mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ bẹ̀.